Ẹni Tó Pọn Risi

Ariwo ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kí ojú ẹnikẹ́ni tó wá sí mi lọ́kàn nínú ilé tí a gbé ní Morris Walk ní London, etí mi á ti gbọ́ lífítì, bó ṣe ń kérora láàárín ògiri, tí á dákẹ́ lójijì, tí ẹni tó há sínú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń fọn fèrè lórí odò láàárọ̀ kùrukùru, mo máa ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Dockyard, mo sì máa ń gbọ́ fóònù Alhaja, ìyá àgbà tó ń gbé ní àjà tó wà lókè tiwa, tó ń pe ìrun, tí ohùn rẹ̀ á gba inú páìpù wọ balùwẹ̀ wa. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ariwo náà ti ń dínkù. Wọ́n ti ní kí gbogbo ayálégbé máa kó jáde díẹ̀díẹ̀, pé wọn ó wó ilé náà palẹ̀, wọn ó sì kọ́ tuntun. Bí ẹnì kan bá ti kó lọ báyìí, wọn á wá fi irin pẹlẹbẹ dí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, ojú ilẹ̀kùn ni mo máa ń wò láti mọ ẹni tó ṣẹ́kù. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí, ìwà mi ni. Mọ́mì ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, n kò ké púpọ̀, mo kàn ń wo ojú gbogbo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó bàjẹ́.

Iṣẹ́ Dádì ni kì í jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ìtàn ni Dádì kà ní Ìbàdàn, òun náà ni wọ́n tún wá kà nílùú òyìnbó, wọ́n kà á títí gíláàsì ojú wọn fi nípọn. Lọ́dún yẹn, ilé ìtọ́jú ìtàn kan létí odò gbà wọ́n fún ìgbà díẹ̀, pé kí wọ́n máa mú àwọn ará ìlú rìn kiri àdúgbò, kí wọ́n máa sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀ fún wọn. Ìrìn ìtàn là ń pè é nílé. Bí ìrìn ìtàn bá dùn, wọn á sọ Dádì di òṣìṣẹ́ gidi. Bí kò bá dùn, iṣẹ́ parí nìyẹn kí òtútù tó dé. Mọ́mì ń ṣe iṣẹ́ kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ń lọ láti ilé arúgbó kan dé ilé arúgbó mìíràn, aṣọ iṣẹ́ wọn aláwọ̀ búlúù kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára wọn. Èmi ló ń fọ ìrẹsì, èmi ló ń bó ẹ̀wà, èmi ló ń gbé búútà omi àlùwàlá sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín gbogbo iṣẹ́ yìí, etí mi máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, torí mo ti mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń sọ ohun tó ṣe pàtàkì.

Ìrìn ìtàn àkọ́kọ́ kò dùn. Crossness ni Dádì mú àwọn èèyàn lọ, ibi tí omi ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn lọ láti ayé àtijọ́. Wọ́n dúró nínú atẹ́gùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún, wọ́n ka orúkọ àwọn tó kọ́ ọ, wọ́n sọ irú bíríkì tí wọ́n lò. Mo wà níbẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó ń wo bàtà rẹ̀, mo rí bí tọkọtaya kan ṣe rọra fà sẹ́yìn tí wọ́n sì ń lọ. Nígbà tó yá, bàbá kan nawọ́ sókè. Inú Dádì dùn pé ìbéèrè ti dé. Ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ni bàbá náà ń béèrè. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Mọ́mì nílé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Dádì Sẹ́kì! Ẹ kó wọn lọ síbi tí ìgbẹ́ gbogbo London ń lọ, ẹ ò wá rí ibi tí ẹnì kan ṣoṣo máa yà sí?" Dádì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀bà tó wà níwájú wọn, wọn ò bù ju òkèlè kan lọ.

Ọ̀gá Dádì wá kí wa nílé lẹ́yìn ìyẹn. Obìnrin òyìnbó kan tó ga, tí a ń pè ní Mádáàmù láàárín ara wa, torí Mọ́mì ní àwọn ò lè máa pe ẹni tí oúnjẹ ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ lásán. Mádáàmù jẹ mọ́ínmọ́ín, ó tún béèrè sí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé títí dòní. Ó ní àwọn èèyàn kì í jáde nílé nínú òtútù láti wá pàdé ọdún, èèyàn bíi tiwọn ni wọ́n ń wá pàdé. Ó ní kí Dádì wá ẹnì kan ṣoṣo, kí ó wá ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì mọ ohun tí ẹni náà ń gbé lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní bí ìyẹn bá ti wà, ìyókù á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Bó ṣe jáde, Mọ́mì kó àwo. "Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn. Àfi kí òyìnbó sọ ọ́ ká tó gbọ́."

Kò sí ibi tó jìnnà tí Dádì máa wá ẹnì kan ṣoṣo yẹn dé. Alhaja wà lókè. Ará Ìbàdàn ni Alhaja, láti Òkè-Àdó, wọ́n sì ti wà ní Morris Walk kí Dádì tó dé Ìlú Ọba, bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń wí. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́ bí kò bá sí lífítì, nítorí náà èmi ni mò ń bá wọn ra bọ́tà àti ọṣẹ. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní Sẹ́kì tí Mọ́mì ń pè mí yẹn kò wọ àwọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Dádì jókòó sí ilé ìdáná wọn, èmi di ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mú, Alhaja sì ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," ni Alhaja wí. "Ọkọ mi ti lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Risi ọmọ mi ò tíì lè rìn. Snow wá bọ́ lulẹ̀, ó bo ohun gbogbo, lífítì kú. Ara Risi gbóná bí iná, èmi alára ò lè gbórí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ká ní kì í ṣe Yínká ni! Ọ̀rẹ́ mi ni, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń wà ní gáréèjì Plumstead. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, snow kún orí fìlà ẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọmọ, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó bọ́ kóòtù ẹ̀, ó pọn ọmọ, ó da kóòtù yẹn bò ó lórí. Ó ní, 'Má sùn o, mò ń bọ̀.' Ó fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti òkè pátápátá yìí, ó rin inú snow dé hospital. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti yí. Risi náà ló ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds lónìí yìí, tó ń bá mi jà lórí iyọ̀." Alhaja nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ̀wà kan bọ́ sílẹ̀, mo ṣa á.

Dádì sáré sọ̀kalẹ̀ lọ kọ ọ́ ní èdè òyìnbó. N kò rí wọn kí wọ́n kọ nǹkan kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ọdún níbẹ̀, kò sí bíríkì. Snow wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, fìlà awakọ̀ wà níbẹ̀. Mádáàmù kà á, ó ní omi bọ́ lójú òun nínú ọkọ̀ ojú irin. Òun ló dábàá pé kí wọ́n gba òṣèré kan tí yóò wọ aṣọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ayé ìgbà yẹn, tí yóò jáde lójijì sí àwọn èèyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaja gan-an. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ tó máa sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ máa wà nínú àwọn arìnrìn náà. Nílé wa, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Mọ́mì ra ẹja gbígbẹ ní ọjà Woolwich, wọ́n sì ń kọrin àsálátù sínú ọbẹ̀.

Dẹ̀jì ni òṣèré náà. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Peckham ni wọ́n bí i sí, èdè náà ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé aṣọ awakọ̀ wá sí pálọ̀ wa, ó gbé bèbí kan dání tí yóò jẹ́ Risi, ó sì ń dánra wò láàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n. "Uncle, this one is cold, I swear down," ló ń sọ fún Dádì, pé eré náà dùn gan-an. "Àwọn èèyàn máa cry, trust me." Ó gbé bèbí sókè, ó gbé e lé èjìká bí ẹni gbé àpò ìrẹsì, ó sì mú ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn pọ̀n. Mọ́mì ń ká ẹní ìkírun lọ́wọ́. Wọ́n dúró.

"Dẹ̀jì, kí lò ń ṣe yẹn? Alhaja ní ó pọn ọmọ ni."

"Auntie, what's pọn?"

Ẹ̀rín pa Mọ́mì. "Ẹ gbà mí! Ọmọ tí wọ́n pọn dàgbà, kò mọ pọn! Ẹ̀yìn, Dẹ̀jì. Lẹ́yìn! Wàá bẹ̀rẹ̀ báyìí, wàá sọ ọmọ sẹ́yìn, wàá fi nǹkan gbà á." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ hàn án. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú wọn bí wọ́n ṣe wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Wọ́n nàró díẹ̀díẹ̀. "Dádì Sẹ́kì," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti bọ́ sísàlẹ̀, "ọkùnrin wo ló máa ti ibi iṣẹ́ dé, tí á rí ọmọ ọlọ́mọ, tí ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn á jẹ́ kó pọn ọ́n?"

"Àwọn ọkùnrin náà ń pọnmọ," ni Dádì dáhùn.

"Ẹ̀yin náà dà? Ẹ pọn Sẹ́kì rí?"

Dádì mú bébà wọn, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e sílẹ̀. N kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ bí nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ Dádì ṣe kéré tó. Èdè wa kì í béèrè. Ó wá, ó lọ, ó jẹun: ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ológbò aládùúgbò. Èdè òyìnbó ni kì í jẹ́ kó o kọjá ẹnu ọ̀nà láìsọ èwo ni. Alhaja ti wí "ó" láìmọye ìgbà, orúkọ tó sì ń jẹ́ Yínká kò yan ọkùnrin, kò yan obìnrin. Dádì gbọ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n gbọ́ fìlà, ọwọ́ wọn sì kọ "he" kí orí wọn tó bi wọ́n léèrè. Gbogbo òye tí wọ́n kó jọ láti Ìbàdàn dé London, ó gba ibi lẹ́tà kan ṣoṣo jò dànù.

Àwa mẹ́ta gun òkè lọ bá Alhaja. Dádì béèrè bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ èsì. Alhaja wò wọ́n tì. "Yínká? Ọkùnrin kẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ṣé ọkùnrin ni mo fẹ́ máa bá ṣọ̀rẹ́ tí ọkọ mi ò sí nílé? Ẹ̀yin ọmọ yìí! Obìnrin ni o. Obìnrin bí obìnrin. Ó máa ń lé tìróò sójú kó tó lọ wa bọ́ọ̀sì." Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú Dádì, ẹ̀rín náà sì tán. "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé ọkùnrin ni?" Dádì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja wá jókòó. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Yínká ò bí. Èmi ni mo sin ín ní ìlú yìí, èmi pẹ̀lú àwọn ará gáréèjì. Ẹni tó ń rántí ẹ̀ kò ju èmi lọ. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di ọkùnrin fún àwọn òyìnbó, tí èmi náà bá lọ, ta ló kù?" Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá tù mí lára.

Nílé, Mọ́mì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn kì í dé. "Ẹ má tú u ká o," ni Mọ́mì wí. "Mo bẹ yín. Ẹni tó kú ti kú. Sẹ́kì ló ń jẹun. Ìrìn náà kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti gba òṣèré, wọ́n ti rán aṣọ. Kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún Mádáàmù? Pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá?" Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dun Dádì, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí. "Bí mo bá mọ̀ pé obìnrin ni," ni wọ́n wí nígbà tó yá, "tí mo ní ọkùnrin ni, kì í ṣe ìtàn ni mò ń sọ mọ́. Irọ́ tó wọ aṣọ bọ́ọ̀sì ni." "Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo," ni Mọ́mì dá wọn lóhùn, "kí a ríṣẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ bọ́ ọ lára ẹ̀." Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló wọ̀ mí létí. Mo fẹ́ kí Dádì sọ òtítọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n má sọ ọ́. Dádì gbé fóònù láti pe Mádáàmù, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbé e. Wọn ò pè é. Títí a fi jáde lọ́jọ́ ìrìn náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ó sì dá mi lójú pé àwọn fúnra wọn ò mọ̀.

Àwọn èèyàn pọ̀. Lífítì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ó mọ̀ pé àlejò wà, ó sì ń kó wọn gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi kún. Alhaja jókòó sórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ìborùn funfun lórí wọn, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Mádáàmù wà níwájú pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Dádì. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ wọn gba ibẹ̀ wá, wọ́n dúró sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ búlúù wọn, wọn ò sì wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Dádì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa snow, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo àtẹ̀gùn, wọ́n sọ bí ara ọmọdé kan ṣe ń gbóná bí iná nínú yàrá tó wà lẹ́yìn wọn yìí. Kò sẹ́ni tó ń wo bàtà. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ṣí gbàgà, Dẹ̀jì jáde nínú aṣọ awakọ̀, fìlà lórí rẹ̀, wọ́n ti da nǹkan funfun lé e bíi snow. Ẹnì kan mí hẹ̀ẹ̀. Obìnrin kan di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó dùn, kí n sọ òótọ́. Irọ́ náà ní ẹ̀mí, mo fi ojú ara mi rí i, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí Dádì jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

"Dẹ̀jì, dúró," ni Dádì wí.

Dẹ̀jì dúró, ẹsẹ̀ kan níwájú. Dádì yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n sọ fún àwọn èèyàn náà ní èdè òyìnbó pé ẹni tí wọ́n ń wò yìí kò sí rí, pé àwọn ló dá a lórí tábìlì ilé ìdáná àwọn. Wọ́n ní obìnrin ni Yínká. Wọ́n ní nínú èdè tí a fi sọ ìtàn náà fún àwọn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló wà fún ọkùnrin àti obìnrin, àwọn sì fi èrò ara àwọn dí ibi tó ṣófo. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó wà lára eré. Nígbà tó rí i pé kò sí lára rẹ̀, ó dákẹ́. Ojú Mádáàmù tì pa bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi irin dí. Dádì kàn dúró níbẹ̀, gíláàsì lọ́wọ́, gbogbo èèyàn ń wò wọ́n, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mọ́mì ló rìn láti ẹ̀yìn wá. Wọ́n ń ti èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú èjìká, "sorry, sorry," títí wọ́n fi dé iwájú Dẹ̀jì. "Gbé ọmọ yẹn fún mi," ni wọ́n wí. Wọ́n yọ ìborùn tó wà léjìká wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ bèbí sẹ́yìn, wọ́n gbọn ara lẹ́ẹ̀kan kó lè jókòó dáadáa, wọ́n fi ìborùn gbà á, wọ́n so ó níwájú àyà. Wọ́n gba kóòtù lára Dẹ̀jì, wọ́n da á bo ẹ̀yìn. Mọ́mì yíjú sí Alhaja, wọ́n ní, "Ẹ má sùn o, mò ń bọ̀," wọ́n sì wọ àtẹ̀gùn.

A tẹ̀ lé wọn, gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó ní ká tẹ̀ lé wọn. Àtẹ̀gùn náà ṣókùnkùn, ó rùn, ó sì gùn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ohun kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́ ni ẹsẹ̀ àti èémí. Mọ́mì kò sáré. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan di irin mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì gbá ìdí bèbí pẹ́pẹ́, bí wọ́n ti ṣe fún mi rí, láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Bàbá kan tó sanra ní láti jókòó sinmi. Nígbà tí a bọ́ síta sínú atẹ́gùn, a gbọ́ ohùn kan lókè orí wa. Alhaja ti dìde. Wọ́n di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n na apá síta. "Yínká!" ni wọ́n ń pè. "Yínká o! Rọra o! Rọra máa lọ!" Mọ́mì gbójú sókè, wọ́n juwọ́ sí wọn. Nígbà tí mo padà gòkè lọ bá Alhaja, omi kún ojú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí, "lọ́jọ́ náà n kò lè dìde. N kò rí bó ṣe gbé ọmọ mi lọ. Òní ni mo rí i."

Dádì kò ríṣẹ́ náà gbà. Mádáàmù wá sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní òun ò ní gbàgbé ọjọ́ náà láyé òun, ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ ní ẹni tó mọ̀ pé ohun kan kò tọ́, tó dúró dé iwájú èrò kó tó sọ ọ́, kò ṣeé gbé ara lé. N kò lè bá wọn jiyàn nínú ìyẹn. Kí òtútù tó mú dáadáa, wọ́n ti fi irin dí ilẹ̀kùn tiwa náà, a kó lọ sí South Thamesmead, Mọ́mì fi kún iṣẹ́ wọn, Dádì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé nírọ̀lẹ́. Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú. Mo bínú sí Dádì, mo bínú sí lẹ́tà "ó," mo tiẹ̀ bínú sí Yínká tí n kò rí rí. Lójú tèmi, òtítọ́ ti jẹ nínú àwo wa, kò sì dúpẹ́. Mọ́mì tó ní kí wọ́n má tú u ká, àwọn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì ní kí n lọ fọ ìrẹsì.

Wọ́n ti wó Morris Walk wa tipẹ́. Alhaja náà ti di ẹni ilẹ̀, Risi ló sin wọ́n. Irun Dádì ti funfun, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìrìn ìtàn mọ́. Ní ọjọ́ kan báyìí, iṣẹ́ gbé mi gba àdúgbò yẹn kọjá, mo rí àwọn èèyàn tó ṣùjọ sí iwájú àwọn ilé tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tí n kò mọ̀ rí ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń tọ́ka sókè, sí ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́ àyàfi ojú sánmà. Mo gbọ́ tó sọ snow. Mo gbọ́ tó sọ àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tó sọ bọ́ọ̀sì. Mo dúró gbọ́. Kò mọ Dádì, kò mọ̀ mí, ẹnu dé ẹnu ni ìtàn náà fi bá a, èdè tó sì fi ń sọ ọ́ kì í jẹ́ kéèyàn kọjá ẹnu ọ̀nà láìsọ èwo ni. Ó pe orúkọ náà lódì, bí òyìnbó ṣe máa ń pè é. Ó ní Yínká wo ìyá, ó wo ọmọ, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó dánu dúró díẹ̀ láti jẹ́ kí wọ́n rò ó. Mo di okùn báàgì mi mú.

"And then she," ni ó wí, "tied the baby on her back."